Ohùn Méjì, Àwo Mẹ́fà: Àgbéyẹ̀wò Orin P-Square

Ní ọdún 2008, nígbà tí mo ń sin ìlú ní Ìpínlẹ̀ Anambra, Upper Iweka ni mo máa ń gbà lọ sí ọjà Onitsha. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á ti mọ̀ pé etí èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀ kí ojú tó débẹ̀. Hóònù ọkọ̀, agbèrò tó ń pe Èkó, tó ń pe Owerri, tó ń pe Asaba, oníwàásù tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání, àti ìsọ̀ àwọn tó ń ta fíìmù àti orin, tí oníkálukú wọn yí ẹ̀rọ rẹ̀ sókè kí ó lè borí ti ẹnìkejì. Lọ́dún náà, ìsọ̀ tí kò bá fi No One Like You sí i, Do Me ló máa fi sí i. Mo lè rìn gba iwájú ìsọ̀ mẹ́wàá kọjá kí orin kan ṣoṣo má já mọ́ mi létí: ìsọ̀ kan ń parí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e ti wà lórí ègbè.

Inú Game Over ni orin méjèèjì wà, àwo tí P-Square gbé jáde ní 2007. Peter àti Paul Okoye ni P-Square, ìbejì tí ojú wọn jọra dé ibi pé ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n dáadáa kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìlú Jos ni wọ́n bí wọn sí ní ọjọ́ 18 Oṣù Kọkànlá 1981, ṣùgbọ́n Ifite Dunu ni orírun wọn, ìlú kan tó wà láàárín Onitsha àti Awka. Ọmọ ilé ni Onitsha kà wọ́n sí, ìdí nìyẹn tí ariwo wọn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Upper Iweka.

Àwo mẹ́fà ni wọ́n ṣe: Last Nite ní 2003, Get Squared ní 2005, Game Over ní 2007, Danger ní 2009, The Invasion ní 2011, Double Trouble ní 2014. Ẹ wá ẹnì kan tó mọ orin wọn lórí, kí ẹ bi í pé inú àwo wo ni Bizzy Body wà, inú èwo ni E No Easy wà. Á ronú títí. Mo ti dán an wò lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó gbà á jù nínú wọn gba méjì nínú márùn-ún. Ẹyọ orin ni wọ́n rántí, wọn ò rántí àwo. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn. Èrò tèmi ni pé àpò ni àwo P-Square jẹ́, orin kéékèèké ni wọ́n kó sínú rẹ̀, okùn tí wọ́n sì fi so ẹnu àpò náà ni ohùn wọn méjèèjì. Kò sí okùn mìíràn níbẹ̀.

Onitsha gan-an mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwo kò rí báyìí. Kí wọ́n tó bí àwọn ìbejì yìí ni ilé iṣẹ́ aṣàwo ti wà ní ìlú náà: Tabansi wà níbẹ̀, Rogers All Stars wà níbẹ̀. Ní Plaza Hotel ní Onitsha ni Prince Nico Mbarga àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Rocafil Jazz, ti máa ń ṣeré. Nígbà tó gbé Sweet Mother lọ bá EMI, wọ́n kọ̀ ọ́. Rogers All Stars ló gbà á, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1976, àtìgbà náà ni kò sì sí ilẹ̀ adúláwọ̀ tí wọn kì í ti í jó o níbi ayẹyẹ. Ní Atani, tí kò jìnnà sí Onitsha ní etí Odò Ọya, ni wọ́n ti bí Osita Osadebe, ẹni tó kọ Osondi Owendi ní 1984. Nígbà ayé àwọn wọ̀nyí, orin kan lè gba ojú àwo kan tán. Àwa náà mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ ní ìhà tiwa. Ẹni tó ra àwo Ebenezer Obey tàbí ti Sunny Ade mọ̀ pé orin á kàn máa wọnú ara wọn ni, gìtá ò ní dákẹ́ títí abẹ́rẹ́ á fi dé àárín. Kò sí ẹni tó ń béèrè pé èwo ni ẹyọ tí a ó yọ jáde nínú rẹ̀. Odidi ni wọ́n rà, odidi ni wọ́n ń jó.

Nígbà tí P-Square fi dé, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti kógbá wọlé tàbí kí wọ́n ti rẹ̀ sílẹ̀, òwò orin sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn máàkẹ́tà. Alaba àti Idumota ni tiwọn ní Èkó, Pound Road ni ti Aba, Iweka Road ni ti Onitsha. Ọ̀nà kan náà tí fíìmù Nollywood ń gbà jáde ni orin ń gbà. Olórin á gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá, máàkẹ́tà á fún un ní owó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á tẹ sídì jáde, á sì kó o dà sọ́jà. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe àdàkọ yóò fi tẹ tiwọn. Mo ra irú rẹ̀ rí, kí n má purọ́: sídì kan tí orin tó lé ní àádọ́rin wà nínú rẹ̀, tí wọ́n kó ti P-Square, ti 2face àti ti D'banj pọ̀ mọ́ra wọn, tí ó wá ń dúró lójijì lórí orin kọkànlá. Àgùnbánirọ̀ ni mí, owó tí ìjọba ń fún wa kò tó nǹkan, mo sì rà á. Ó ń dùn mí títí di òní, nítorí pé irú èmi ni kò jẹ́ kí àwo mú owó wálé fún ẹni tó kọ ọ́.

Nígbà tí ọjà rí báyìí, ọgbọ́n tí olórin yóò dá kò ju ọ̀kan lọ. Kí gbogbo orin inú àwo jẹ́ èyí tó lè dá dúró. Kí o ya fídíò mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú wọn. Kí fídíò polówó orin, kí orin polówó ìwọ fúnra rẹ, kí wọ́n wá pè ọ́ sí òde, níbi tí owó gidi wà. P-Square mọ ọgbọ́n yìí ju gbogbo ẹgbẹ́ wọn lọ, nítorí pé nínú ilé ni wọ́n ti ní ẹni tó ń bá wọn ṣe é. Jude Okoye, ẹ̀gbọ́n wọn, ló ń ṣe alámòójútó iṣẹ́ wọn, òun náà ló sì ń darí ọ̀pọ̀ fídíò wọn. Ijó ni wọ́n sì ti fi bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama ní Jos. Wọ́n ń fara wé Michael Jackson àti Bobby Brown, wọ́n sì ń pe ẹgbẹ́ wọn ní Smooth Criminals. Ẹni tó bá ti ń jó kó tó máa kọrin, ohun tí ojú rí ni yóò kọ́kọ́ ro kó tó ro ohun tí etí gbọ́. Ní 2001, nígbà tí wọ́n wà ní Yunifásítì Abuja, wọ́n borí nínú ìdíje Grab Da Mic, èyí ló sì bí Last Nite. Àwo náà kò ju àwo ọmọ ilé ìwé tó ń wá ọ̀nà lọ.

Get Squared ni ọ̀nà ti là. Temptation àti Bizzy Body wà níbẹ̀. Omoge Mi náà wà níbẹ̀, inú mi sì dùn sí ìyẹn ju àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ Ígbò tí wọ́n bí sí Jos, tó kàwé ní Abuja, tó wá fún orin rẹ̀ ní orúkọ Yorùbá! Kò sẹ́ni tó rọ̀ wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti di ti gbogbo ọ̀dọ́ Nàìjíríà, pé ọmọbìnrin tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀ ní Onitsha á bojú wẹ̀yìn bí èyí tí wọ́n pè ní Mushin.

Game Over ni mo fi ṣe olórí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mi ò sì rò pé mo ń sọ bẹ́ẹ̀ nítorí ọdún tí mo lò ní Anambra nìkan. No One Like You ni gbogbo ìyàwó fi ń wọ gbọ̀ngàn nígbà náà. Ìgbéyàwó mẹ́ta ni mo lọ láàárín oṣù méjì, ọ̀kan ní Onitsha, ọ̀kan ní Nnewi, ọ̀kan ní Ìbàdàn, orin kan náà ni wọ́n fi mú ìyàwó wọlé ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ifunanya tẹ̀ lé e, orúkọ Ígbò tó túmọ̀ sí ìfẹ́, tí kò sì sí ẹni tó nílò ògbufọ̀. Do Me wá jẹ́ ohun mìíràn. Nínú orin náà ohùn obìnrin kan ń dá wọn lóhùn, ohùn tó kún, tó lágbára débi pé òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orin náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Waje ni. Ọ̀pọ̀ àwa tí a ń jó sí i kò mọ orúkọ rẹ̀ rárá nígbà náà, ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lórúkọ ara rẹ̀. Tí mo bá gbọ́ orin náà lónìí, òun ni mo ń tẹ́tí sí. Ó sì yà mí lẹ́nu bí ohùn kẹta yẹn ṣe jẹ́ ká mọ ohun tí àwọn méjì yòókù jẹ́: ohùn tirẹ̀ dá yàtọ̀, tiwọn ń ró bí ẹnì kan tó nípọn ju ènìyàn kan lọ.

Kí ni nínípọn yìí? Bí olórin kan ṣoṣo bá fẹ́ kí ohùn òun kún ní sítúdíò, wọ́n á ní kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á wá tẹ́ ti kejì lé ti àkọ́kọ́ lórí. Kò sí ẹni tó lè kọ orin lẹ́ẹ̀mejì kó bára mu tán. Ìyàtọ̀ bíńtín tó wà láàárín méjèèjì ni etí ń gbọ́ tó sì ń kà sí adùn. Ìbejì olójú kan náà ti gbé àrà yẹn wáyé. Ọ̀fun wọn jọra, bí ẹnu wọn ṣe ń la ọ̀rọ̀ jọra, ibì kan náà ni wọ́n ti ń mí. Bí wọ́n bá pa ohùn pọ̀ lórí ègbè, ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe fún àwọn ẹlòmíràn ni ẹ̀dá ti ṣe fún wọn.

Àwa Yorùbá ti ní irú rẹ̀ kí wọ́n tó dé, èyí tó dùn mí ni pé àwọn ọ̀dọ́ wa kì í sábà dárúkọ wọn. Taiwo àti Kehinde Lijadu, àwọn Lijadu Sisters, ìbejì obìnrin tí wọ́n bí ní 1948, ṣe àwo mẹ́rin tẹ̀ léra wọn fún Decca lábẹ́ orúkọ Afrodisia: Danger ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978, Horizon Unlimited ní 1979. Biddy Wright ló ń bá wọn to ohun èlò. Ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe ń rìn lórí ohùn. Ohùn kan kì í gòkè kí èkejì máa sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n jọ ń gòkè ni, wọ́n jọ ń sọ̀ ni, ọ̀kan wà lókè díẹ̀, ìkejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá jọ ń gun àtẹ̀gùn. Èdè ló fà á. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ohùn nìkan ló yà wọ́n. Bí olórin kejì bá gba ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹni àkọ́kọ́ ń sọ lè bàjẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀nà tí àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ń gbà pa ohùn pọ̀ nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Èdè Ígbò náà kò yàtọ̀: akwa lè jẹ́ ẹyin, ó lè jẹ́ aṣọ, ó lè jẹ́ ẹkún, ó kù sọ́wọ́ ohùn. Torí náà nígbà tí P-Square bá wọ èdè Ígbò nínú orin, wọ́n á sún mọ́ ara wọn tímọ́tímọ́ bí àwọn Lijadu. Tí wọ́n bá wá bọ́ sí èdè pijin tàbí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á tú ara wọn sílẹ̀, ẹnì kan á máa sáré ká èkejì.

Ohun kan tún wà tí mi ò lè fi sílẹ̀. Jos ni wọ́n bí àwọn Lijadu sí, Jos náà ni wọ́n bí àwọn Okoye sí. Àwọn Lijadu ní àwo tó ń jẹ́ Danger, àwọn Okoye ní Danger. Ní 1984, ilé iṣẹ́ Shanachie gbé àwo àwọn Lijadu jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n pè é ní Double Trouble. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, orúkọ tí P-Square fún àwo wọn tó kẹ́yìn nìyẹn. Mi ò sọ pé ẹnì kan wo iṣẹ́ ẹnì kan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí ìbejì bá ti dé ni ayé ti máa ń ronú kan náà nípa wọn: ẹ̀rù ń bà wá díẹ̀, a sì tún fẹ́ wò wọ́n. Láyé àtijọ́, ní ọ̀pọ̀ ìlú Ígbò, wọn kì í jẹ́ kí ejima yè, ìyẹn ìbejì tiwọn. Ìtàn àwa náà sọ pé a ti bẹ̀rù wọn rí kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ère fún wọn, kí a tó máa jó kiri ọjà nítorí wọn. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ló ṣáájú àwọn tó dá ìjọ CMS sílẹ̀ ní Onitsha ní 1857, àwọn míṣọ́nnárì sì wà lára àwọn tó bá àṣà pípa ìbejì jà nílẹ̀ Ígbò. Àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn náà gan-an ni Game Over jáde, tí àwòrán ìbejì ọmọ Ígbò méjì sì kún ara gbogbo ìsọ̀ ní ìlú kan náà. Mo máa ń ronú lórí èyí nígbà tí mo bá dúró sí Upper Iweka.

Danger ti P-Square jẹ́ àwo tó le. E No Easy, tí J. Martins bá wọn kọ, ni orin tó dára jù níbẹ̀, nítorí pé ó padà sí ẹsẹ̀ ijó tí àwọn bàbá ń jó ní Onitsha, gìtá tó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìlù. Possibility, tí 2face wà nínú rẹ̀, tù mí lára ṣùgbọ́n kò dúró pẹ́. Láàárín àkókò yìí ni MTV fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ ẹgbẹ́ olórin tó dára jù ní Áfíríkà, ní 2008, ní 2009 àti ní 2010.

The Invasion ló gbé wọn kúrò nílé. Chop My Money wà níbẹ̀, Akon wọ inú àtúnṣe rẹ̀ pẹ̀lú May D. Beautiful Onyinye wà níbẹ̀, Rick Ross wọ inú tirẹ̀. Ọjà gbòòrò sí i, ó wọ ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ Onyinye láìsí àlejò, kí ẹ tún wá gbọ́ ọ pẹ̀lú àlejò. Nínú ti àkọ́kọ́, orúkọ ọmọbìnrin náà ń bọ́ láti ẹnu kan sí ẹnu kejì bí ìgbà tí ọmọ méjì ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn. Nínú ti kejì, ẹnì kan dé, ó gba bọ́ọ̀lù, ó sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó lọ. Double Trouble wá kó àlejò jọ ju ilé lọ. T.I. wà nínú Ejeajo, Awilo Longomba wà nínú Enemy Solo, Don Jazzy wà nínú Collabo. Shekini mì ilẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Personally, tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé jáde ní 2013 tí wọ́n sì fi júbà Michael Jackson, fi ẹsẹ̀ ijó wọn hàn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń gbọ́ àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, okùn ẹnu àpò tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń tú. Ó tó ìṣẹ́jú bíi mélòó kan nígbà mìíràn kí ohùn méjèèjì tó pàdé.

Lẹ́yìn náà ni ìjà jáde sí gbangba. Ní 2016 wọ́n jà, wọ́n parí rẹ̀. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2017 wọ́n pín. Ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ alámòójútó, ọ̀rọ̀ ta ló kọ èyí, ta ló ṣe èyí. Gbogbo rẹ̀ la kà nínú ìwé ìròyìn, mi ò ní tún un kà. Peter di Mr P, Paul di Rudeboy. Orin ni mo fẹ́ sọ. Reason With Me tí Rudeboy kọ ní 2019 jẹ́ orin tó dára, ó lè jẹ́ pé kò sí ẹyọ kan nínú ti P-Square tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dùn mọ́ni tó o. Cool It Down ti Mr P ń jó dáadáa. Ní 2021, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe odidi àwo: The Prodigal ti Mr P, Rudykillus ti Rudeboy. Mo gbọ́ méjèèjì. Mo gbọ́ ègbè tí ẹ̀rọ ti sọ di púpọ̀, tí ó mọ́, tí ó tẹ́jú, tí kò ní àléébù kankan, mo sì ń retí ẹnì kan tí kò dé.

Kehinde Lijadu kú ní 2019. Ní ti Peter àti Paul, àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè, wọ́n ṣì lè jókòó síwájú ẹ̀rọ kan. Wọ́n tiẹ̀ ṣe é: ní Oṣù Kọkànlá 2021, nígbà tí wọ́n pé ẹni ogójì ọdún, wọ́n tún ara wọn rí, ní 2022 wọ́n sì gbé ẹyọ orin jáde. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Jaiye, tí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ Ígbò kún orúkọ náà. Láti Omoge Mi dé Jaiye, wọn ò gbàgbé wa. Ṣùgbọ́n àwo kò tẹ̀ lé e, nígbà tó sì fi di 2024 wọ́n ti tún pín.

Mo gba Onitsha kọjá láìpẹ́. Sídì ti kúrò ní Upper Iweka. Ọmọkùnrin kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà àgbélétan kan lábẹ́ agboòrùn, ó ń da orin sínú fóònù àti sínú fíláàṣì fún àwọn awakọ̀. Mo ní kó bá mi da ti P-Square sí i. Ó ṣí ojú kọ̀ǹpútà náà hàn mí. Àpò mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ni P-Square, ọ̀kan ni Mr P, ọ̀kan ni Rudeboy. Ó bi mí pé èwo ni mo fẹ́. Mo ní kó dà á sí i láti 2007. Ó ní inú ẹ̀rọ òun, orin ò ní ọdún, ẹ dárúkọ orin ni. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.